Ilé Tí Mi Ò Wò
Ẹ̀gbọ́n bàbá mi máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri ilé àtijọ́, wọ́n á ní, “Fara balẹ̀ wò ó.”

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú mi fẹsẹ̀ rìn yí Ṣómólú àti Bàrígà ká, láti fi mọ́ṣáláṣí àti ilé ìtẹ̀wé àtijọ́ hàn mí. Ní Abúlé Òkúta, wọ́n ní, “Ilé yìí ni a ti bí bàbá rẹ.”

Fóònù ni mo ń tẹ̀. Mo ní, “Mo ti rí i, sà.”

Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn ti kú báyìí. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi ní kí n mú òun lọ wo ilé tí a ti bí bàbá mi. Mi ò dá ilé náà mọ̀ mọ́, mo bá kàn nawọ́ sí ilé kan. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Mi ò tíì lè sọ fún un pé mi ò mọ ilé náà.