Lẹ́ǹsì Tó Sọ Yàrá Di Gbọ̀ngàn

Èmi ni mo bá ọ̀rẹ́ mi yan lẹ́ǹsì náà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná. Iṣẹ́ kámẹ́rà títúnṣe ni mò ń ṣe, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jókòó sídìí tábìlì kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹni tó máa bú nínú ọ̀rọ̀ yìí, kó má rìn jìnnà.

Dúró-Dáadáa là ń pe ọ̀rẹ́ mi, nítorí kò sẹ́ni tó jókòó níwájú kámẹ́rà rẹ̀ rí tí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń wá ya fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń rí jẹ, ó ń rí mu. Ìgbà tó yá, kálukú di ayafọ́tò pẹ̀lú fóònù ọwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ sì dá páú. Kò níyàwó. Òun àti màmá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo.

Ojú màmá ti fọ́ láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí wọn nínú yàrá yẹn, ẹ ó rò pé wọ́n ń ríran jù yín lọ. Ìṣísẹ̀ márùn-ún láti ìdí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, mẹ́ta sí ibi sítóòfù, méjì sí fèrèsé. Wọ́n á bu omi mu fúnra wọn, wọ́n á gbé ìkòkò kaná fúnra wọn, ẹni tó bá sì sún àga kúrò ní àyè rẹ̀ máa gbọ́ tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ wọn fi lè jáde lọ síbi iṣẹ́ láìfòyà.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣì kù fún un ni ti obìnrin ejẹ́ǹtì kan tó ń bá àwọn onílé wá ayálégbé. Òun ló ń ya àwọn yàrá, ejẹ́ǹtì á gbé fọ́tò wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà rẹ̀ wá ò mọ yàrá kékeré í yà. Bó fẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ ògiri títí, ìdajì bẹ́ẹ̀dì àti apá kan fèrèsé ló máa rí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o,” ni ejẹ́ǹtì sọ fún un. “Àwọn oníbàárà mi fẹ́ rí gbogbo yàrá lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ ò bá lè yà á bẹ́ẹ̀ kóṣù yìí tó parí, màá wá ẹlòmíì.”

La bá gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta lẹ́ǹsì lọ. Ó to mẹ́ta síwájú wa. Tuntun ni àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà náà ló ṣe é, owó rẹ̀ sì ju ti kámẹ́rà fúnra rẹ̀ lọ. Dúró-Dáadáa gbé e wò, ó rọra dá a padà bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ. Àlòkù ni ìkejì, ó wúwo, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa, ọkàn ọ̀rẹ́ mi sì fà sí i. Ni mo bá gbé e sókè sí iná. Gíláàsì inú rẹ̀ ti bu bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta.

“Tó o bá ra èyí, ọ̀dọ̀ mi náà lo máa gbé e wá lọ́la,” mo ní, “mi ò sì ní gbà á.”

Ìkẹta fúyẹ́, ike ni ìdí rẹ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́wàá sí méjìdínlógún. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni lẹ́ǹsì ṣe máa ń rí ibi púpọ̀ tó, o sì lè máa yí i títí yàrá á fi wọ inú rẹ̀ tán. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í ríran dáadáa níbi tí iná ò bá pọ̀. Dúró-Dáadáa ń ṣiyèméjì.

“Ṣé yàrá máa ń sáré ni?” mo bi í. “Gbé kámẹ́rà sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kó o jẹ́ kó wò ó pẹ́. Ògiri ò ní mira.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó rà á. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́ tún sọ pé kó kọ́kọ́ dán an wò nínú yàrá tó kéré jù tó mọ̀. Yàrá tó kéré jù tó mọ̀ ni tiwọn.

Ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí fèrèsé, ó kó ẹrù sẹ́yìn ara rẹ̀, ó fara mọ́ igun, ó yà á. Nígbà tó fi fọ́tò hàn mí, mo lanu sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà lọ́hùn-ún réré, òrùlé ga, ọmọdé lè sáré nínú rẹ̀. Yàrá ti di gbọ̀ngàn.

“Báwo ló ṣe rí?” màmá bi wá.

“Ó fẹ̀, Màmá,” ni ọmọ wọn dáhùn.

“Ó fẹ̀ níbo? Ìṣísẹ̀ márùn-ún ni. Ẹ ní kí kámẹ́rà yín wá kà á.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì ó ya yàrá mọ́kànlá fún ejẹ́ǹtì, ó sì gbé káàdì kámẹ́rà fún un gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, kó kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kó dá káàdì padà. Kò pa fọ́tò yàrá tiwọn rẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: ayafọ́tò kì í pa nǹkan kan rẹ́ lórí káàdì títí iṣẹ́ á fi dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ejẹ́ǹtì ò mọlé wọn. Ó rò pé yàrá méjìlá ni, ó sì gbé méjèèjìlá síta.

Bàbá onílé wọn rí i. Fèrèsé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ló fi dá a mọ̀. (Ẹ má retí kí n pè é ní wọ́n, ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ti tán.) Ó tó ọdún mẹ́wàá tí kò ti wọ yàrá náà, ó sì fi owó rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà nítorí ó rò pé ihò lásán ni.

“Mi ò mọ̀ pé yàrá mi tóbi báyìí,” ó ní. “Ẹnì kan ti fẹ́ san ìlọ́po méjì.”

“Bàbá, lẹ́ǹsì ló fẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé wá wò ó,” ni Dúró-Dáadáa dáhùn.

Bàbá wọlé. Ó wo ògiri, ó wo fóònù, ó tún wo ògiri.

“Ẹrù yín ló jẹ́ kó kéré,” ó ní. Ó fún wọn ní oṣù kan kí wọ́n kó jáde.

A bẹ̀ ẹ́, ejẹ́ǹtì náà bá wa bẹ̀ ẹ́, ó kọ etí ikún. Wọ́n ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A fẹ̀sọ̀ mú lẹ́ǹsì yìí, ó bàjẹ́, mi ò sì mọ ẹni tí màá fi ẹjọ́ òwe náà sùn.

Ẹni tó fẹ́ san ìlọ́po méjì kẹ́rù dé lẹ́yìn tí wọ́n kó jáde. Ó yọjú wọlé, ó béèrè ibi tí yàrá inú fọ́tò wà, ó sì kẹ́rù padà lọ. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn títí di òní. Bàbá onílé ní kò séwu, ẹni tó mojú yàrá ńlá á dé.

Yàrá tí àwọn ọ̀rẹ́ mi rí kéré sí ti àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kẹta màmá ṣubú níbẹ̀. Dúró-Dáadáa ò lè fi wọ́n sílẹ̀ jáde mọ́, ejẹ́ǹtì sì ti rí ẹlòmíì. Lẹ́ǹsì náà wà lórí tábìlì mi, ọ̀rẹ́ mi ní kí n bá òun tà á. Kò tíì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Mo lọ kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, iwájú orí wọn wú. Wọ́n mọ ìró ẹsẹ̀ mi.

“Ìwọ tó o mọ̀ nípa lẹ́ǹsì,” wọ́n ní, “ìṣísẹ̀ mélòó ni láti ibí dé ara ògiri yẹn?”

Mo rìn ín. “Mẹ́ta, Màmá.”

“Mo mọ̀,” wọ́n ní, wọ́n sì fọwọ́ kan ibi tó wú. “Ẹsẹ̀ mi ló ṣì ń ka márùn-ún.”