Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agbada Gàrí

Ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí mo ti ń kọ́ fíìmù yíyà ní Ore lẹ́yìn iṣẹ́, olùkọ́ wa kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń ya ìgbé ayé ènìyàn kò gbọdọ̀ darí wọn, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ohùn tàbí ọwọ́ rẹ̀ wọ inú fíìmù. Ó ní kí oníkálùkù mú àwòrán ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò já wá. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá yege kò ní dé apá kejì ẹ̀kọ́ náà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fàlà sí i nídìí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Odigbo, níbi tí ìyá àgbà kan àti obìnrin méjì ti ń yan gàrí. Ọmọ ìyá àgbà náà ti bá mi tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ohùn mi má bàa wọ fíìmù, n kò kí ẹnikẹ́ni. Mo dúró ti òpó, mo tan kámẹ́rà.

"Wolé-wolé ti dé o!" ni ọ̀kan nínú wọn pariwo. Èkejì sáré mú ìgbálẹ̀.

Ìyá dáwọ́ dúró. "Ìwọ yìí, ṣé o yadi ni? O bá àgbà lẹ́nu iṣẹ́, o kò lè kí i?"

"Ìyá, gàrí yín ń jó o!" ni obìnrin tó mú ìgbálẹ̀ ké.

Mo pa kámẹ́rà, mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ẹ má bínú."

"Gba ajọ̀ yìí. Ẹni tó mú kí gàrí mi jóná á bá mi ṣe òmíràn."

Mo jọ gbágùúdá títí apá fi ń ro mí. Wọ́n bi mí léèrè ọkọ, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, títí ọ̀rọ̀ mi fi sú wọn, tí wọ́n sì ń bá ara wọn jà nípa ẹni tó ń hanrun nínú ìṣọ́ òru. Nígbà náà ni mo fọwọ́, mo gbé kámẹ́rà. Kò sẹ́ni tó yíjú.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà pé, Ìyá na ọwọ́ láìwò mí. "Na igi yẹn sí mi." Iná ń kú lọ. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló di kámẹ́rà mú, a kì í sì í fi òsì na nǹkan sí àgbà. Mo pààrọ̀ ọwọ́, àwòrán mì, mo na igi náà.

Ní kíláàsì, olùkọ́ dá fíìmù dúró níbẹ̀ gan-an. "Ọwọ́ ta nìyí?"

"Tèmi ni, sà."

"Kí ló dé tí àwòrán fi mì?"

"Òsì ló ṣófo, sà."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ó dá a padà, ó tún un wò.

"O rú ìlànà," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò ṣe eré fún ọ rárá."

Ó sì kọ orúkọ mi sí apá kejì.