Ọkọ̀ Tí Kò Dún

Bàbá mi kì í fun fèrè ọkọ̀ kí wọ́n tó wọlé. Títí wọ́n fi kú, ìyá mi ló máa ń ṣí géètì kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Iwájú ilé wa ní Alajo ni ìyá máa ń jókòó sí, wọ́n á máa ta ọṣẹ àti mílíìkì alágolo. Bí trotro àtijọ́ tí bàbá fi ń kó èrò bá ti ń wúkọ́ bọ̀ láti Kaneshie, ìyá á ti gbọ́ ọ láti kọ́nà, wọ́n á fi oníbàárà sílẹ̀, wọ́n á dìde. Ohun ìyangàn ni fún wọn. Wọ́n ní ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ bá ń fun fèrè níta, oorun ló ń sùn.

Lẹ́yìn ikú bàbá, ọkọ̀ náà wà nínú ọgbà. Àbúrò mi ọkùnrin máa ń tan án ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ kí bátìrì má bàa kú. Bó bá ti tan án, ìyá á lọ ṣí géètì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn wọn nínú ọgbà ni ọkọ̀ náà wà. A kọ́kọ́ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa, nítorí wọ́n máa ń wo ojú títì, wọ́n á sì sún sẹ́yìn bí ẹni tó ń yà fún mọ́tò. Ẹ̀rù bà mí, mi ò purọ́.

Àsìkò yẹn ni ìjọba ní àwọn ò ní gba owó ibodè lórí ọkọ̀ oníná tí wọ́n bá fi ń kó èrò. Ara àbúrò mi ò balẹ̀ mọ́. Owó epo ọkọ̀ èrò tó ń bá ẹlòmíràn wà ti gbẹ àpò rẹ̀. Ó ní ká ta ti bàbá, ká fi kún owó ọkọ̀ oníná tuntun. Mo bá a jà. Mo bi í pé ṣé iná dumsor yìí, tó ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú, ni yóò fi wa mọ́tò? Mo ní ohùn bàbá tó kù sílẹ̀ ló fẹ́ tà. Ó ní òun náà ní ọmọ tí òun ń bọ́. Ìyá ló parí ìjà: wọ́n ní ká tà á, alààyè ló ń jẹun.

Ọjọ́ tí ẹni tó rà á wá gbé e, ìyá ṣí géètì, wọ́n dúró títí dídún rẹ̀ fi parẹ́ lápá Kotobabi. Ọ̀pọ̀ Jímọ̀ kọjá, wọn ò dìde mọ́. Mo rò pé ó ti tán.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkọ̀ oníná dé. Ìyá ń gé ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tó ṣí sílẹ̀. Ọkọ̀ náà yọ́ wọlé, wọn ò gbọ́; ìgbà tí òjìji rẹ̀ bo ọwọ́ wọn ni wọ́n tó gbójú sókè. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àbúrò mi sáré sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun ló dẹ́rù bà wọ́n.

Ìyá ò wò ó. Àga awakọ̀ tó ṣófo ni wọ́n ń wò.

“Ẹ̀rù kọ́,” wọ́n ní. “Báyìí náà ni bàbá yín ṣe ń wọlé láti ìgbà tí wọ́n ti kú. N kì í gbọ́ wọn. Mo kàn máa ń rí i pé wọ́n ti dé ni.”

Wọ́n nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, wọ́n wọnú ọkọ̀ náà, wọ́n jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó ṣófo náà. Wọ́n ní kí àbúrò mi ní sùúrù ná, kó má tíì jókòó sí àga awakọ̀.