Àlìkámà Tí Àrùn Kò Mú

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo ṣì kéré ní Dagenham nílùú òyìnbó níbí, bàbá mi ní oko kékeré kan nínú ilẹ̀ tí káńsù ń yá àwọn ará àdúgbò. Bàbá òyìnbó kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló ń dá oko tó pààlà pẹ̀lú tiwa. Òun ló kọ́ bàbá mi bí wọ́n ṣe ń gbin àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì, irú èyí tí wọ́n ń gbìn nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Irúgbìn tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣà pa mọ́ lọ́dọọdún kó tó kú lòun ń gbìn. Bàbá mi ní tirẹ̀ ra irúgbìn tuntun tí àrùn kì í mú.

Lọ́dún kan, òjò ò dáwọ́ dúró. Ká tó mọ̀, ewé àlìkámà bàbá náà ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, lẹ́búlẹ́bú pupa á kún ọwọ́ yín. Ọkà inú rẹ̀ hunjọ, kò ṣeé lọ̀, kò sì ṣeé gbìn mọ́. Tiwa gbó dáadáa. Ojú máa ń tì mí láti gba ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀ kọjá, bíi pé àwa la jí ọkà rẹ̀ kó.

Nígbà tí Ìkórè dé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìyá mi fi ìyẹ̀fun wa ṣe búrẹ́dì, bàbá mi sì pe bàbá náà wá. Ó jókòó tì mí. Ni bàbá mi bá dìde jẹ́rìí, ó sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì kí àlejò rẹ̀ lè gbọ́: "Àrùn wọ oko, Olúwa ò jẹ́ kó kan tèmi." Ìjọ ké halelúyà. Bàbá òyìnbó náà tẹjú mọ́lẹ̀. Kì í kúkú ṣe pé a mọ àdúrà gbà jù ú lọ. Irúgbìn ló yàtọ̀.

Bàbá mi rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé irúgbìn wa lọ bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gba èyí kí ẹ gbìn ín."

Bàbá náà fọwọ́ kàn án léjìká. "Irúgbìn tó dáa ni. Àmọ́ kì í ṣe ti ìyàwó mi."

Àlùbọ́sà ló gbìn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bàbá mi náà ò gbin àlìkámà mọ́.

Lónìí, búrẹ́dì inú ọ̀rá là ń rà, ta ló ń bèèrè irú àlìkámà tó jẹ́? Ẹ̀rí pàápàá, fóònù la fi ń gbé e káàkiri. N kò ní kí ẹ má dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún èmi ní máìkì, mo máa ń kọ́kọ́ wo àwọn tó jókòó, kí n mọ ẹni tí ọpẹ́ mi máa gún lọ́kàn.