Aṣọ Funfun Tí A Fọ̀ Kó Tó Débi Ẹ̀rí

Lọ́dún tí wọ́n ń tún ọ̀nà márosẹ̀ ṣe ni, nígbà tí àwọn tírélà máa ń tò síwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní Lotto, ní Mowe, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí wọn kì í pa ẹ́ńjìnnì. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí pé kí la tiẹ̀ ṣe nígbà náà, ohun tí a ṣe rèé.

Ìyá Àgbà, olórí àwọn obìnrin àdúgbò, ló kọ́kọ́ fariga. Bísóyè, ọmọ ọmọ wọn, ní ikọ́ fée, èéfín yẹn ló sì lé e lọ sọ́dọ̀ ìbátan wọn ní Ifọ̀. Gbogbo ohun tí màmá ń fẹ́ ò ju kí ọmọ náà padà wálé.

A fẹ́ kí ìjọba ṣòfin pé ọkọ̀ tó bá ń rú èéfín dúdú ò gbọdọ̀ gba ojú ọ̀nà. Fún ẹ̀rí, a sá aṣọ funfun sórí ọgbà ilé-ìwé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyá Àgbà ní àwọn á bá wa tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó àyíká l'Ábẹ́òkúta, ọ̀gá ibẹ̀ tú aṣọ náà. Ó funfun báláú, wọ́n ti lọ̀ ọ́ pẹ̀lú.

"Màmá, ẹ fọ̀ ọ́ ni?"

"Akọ̀wé, ṣé aṣọ ìdọ̀tí lo fẹ́ kí n gbé wá síwájú ìjọba?"

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, aṣọ yìí mọ́ ju tèmi lọ. Atẹ́gùn yín dáa nìyẹn."

Inú bí mi gan-an. Mo fẹ́ jágbe mọ́ màmá nínú ọkọ̀, àmọ́ wọ́n ń sunkún.

A sá òmíràn. A lọ, a tún lọ, a tò sẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ tí èéfín sọ di dúdú lọ́wọ́, títí òfin fi jáde: tírélà ò gbọdọ̀ dúró níwájú ilé-ìwé, gbogbo ọkọ̀ sì gbọdọ̀ gba sítíkà àyẹ̀wò èéfín. A jó lọ́jọ́ náà.

Tírélà kúrò lóòótọ́. Sítíkà ńkọ́? Dúró ní Asese níbi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ rẹ láì wo ẹ́sọ́ọ̀sì rárá. Mo ti kọ lẹ́tà títí. Ó ti rẹ̀ mí, n kò ní purọ́ fún yín. Bísóyè ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Ifọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Àgbà bi mí pé, "Akọ̀wé, ṣé Bísóyè lè máa bọ̀ báyìí?"

 Mo ní kí wọ́n sá aṣọ funfun kan síta.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ wọn nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé e dání, wọ́n ń wò ó. Èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Wọ́n bu omi sínú báàfù, wọ́n mú ọṣẹ. Mo jókòó tì wọ́n, mo sì bá wọn fọ̀ ọ́.