Ìkọ́ Tí Mo Yàn fún Kẹ̀kẹ́ Afàmọ́tò Wa

Ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwọ̀n kòkó ni èmi àti jórinjórin kan ní Ìkirè parí kẹ̀kẹ́ afàmọ́tò wa. Pẹpẹ irin gbọọrọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, èyí tí a ń gbé ọkọ̀ tó bá kú gùn, tí pikọ́ọ̀pù mi yóò sì máa fà lẹ́yìn. N kò rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Ìkirè tàbí ní Àpòmù nígbà náà. Mo sọ èyí láìfi ìgbéraga kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbéraga wà nínú ìtàn náà, ẹ ó sì bá a pàdé láìpẹ́.

Okùn ni àwọn ènìyàn fi ń fa ọkọ̀ tó bá kú lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Okùn náà ló pa àbúrò mi ọkùnrin. Òun ló jókòó sídìí sítíárì ọkọ̀ tí wọ́n ń fà lọ́jọ́ náà. Okùn já níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́, bíréèkì kò sì mú. Ìyá wa kò sunkún lójú wa. Ó kàn bi mí lẹ́yìn ìsìnkú pé, “Ṣé okùn yẹn náà ni wọ́n ó tún máa fi fa tàwọn yòókù?” Mo dá a lóhùn pé ohunkóhun tí mo bá so mọ́ ọkọ̀ mi láyé kò ní já. Ẹ̀jẹ́ ni mo ka ọ̀rọ̀ náà sí, nítorí rẹ̀ ni mo sì ṣe ń ṣa irin jọ láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìkọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀. Irin kan ni, tí a ń dè mọ́ ìdí ọkọ̀ tó ń fà. Orí rẹ̀ rí roboto bí ọsàn, ẹnu kẹ̀kẹ́ yóò sì bò ó, a ó wá tì í pa. Wọ́n tẹ iye ẹrù tí ìkọ́ kọ̀ọ̀kan lè fà sí i lára. Mo lọ sí Ìbàdàn, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ṣe ìṣirò mi bí ẹni tó ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ wọn kòkó ṣe ń ṣe é. Bí àgbẹ̀ bá gbé kòkó wá, a ó wọn ọ́n, a ó sì yọ ìwọ̀n àpò kúrò, nítorí pé àgbẹ̀ kò ta àpò, ẹni tó ń rà kò sì rà á. Mo ti yọ àpò tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ mi fi ń yọ ọ́ kí ọkàn mi tó sọ̀rọ̀. Mo ṣírò pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan kò ju bí ogún àpò kòkó lọ. Ìkọ́ tí mo yàn lè fa mẹ́rìnlélógún. Ó tó, ó tún ṣẹ́kù.

Jórinjórin náà wo ìkọ́, ó wo kẹ̀kẹ́. Ọmọ Ìkirè ni, ó kéré sí mi púpọ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú.

“Bàbá, kẹ̀kẹ́ yìí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èmi tí mo jó o mọ̀ pé kì í ṣe ìyẹ́.”

“A kì í ta àpò mọ́ kòkó,” ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ kàwé, irin ni tèmi. Ṣùgbọ́n màá tún fi ṣéènì méjì so kẹ̀kẹ́ mọ́ ìdí pikọ́ọ̀pù, ẹ má bínú.”

Mo gbà fún un bí ẹni tó gbà kí wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kẹ̀kẹ́ náà fa ọkọ̀ kékeré láìmira, orí mi sì wú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Àpòmù rán wa níṣẹ́. Opó ni; ọkọ̀ olóògbé ọkọ rẹ̀ ló kú sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Ifẹ̀, ó sì fẹ́ kó wà lójú òun nílé. A gbé e, a dè é, a kọrí sílé lọ́sàn-án gangan.

Ní Wásinmi, pikọ́ọ̀pù já sí kòtò kan níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́. Mo gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ọrùn ìkọ́ ti kán. Kẹ̀kẹ́ yà sí etí títì, níbi tí obìnrin kan ti ń sá láfún, kí ṣéènì méjèèjì tó le pọ́n-ún, tí wọ́n sì dá a dúró. Ó ku ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà kò sá; ẹsẹ̀ rẹ̀ gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó wo láfún rẹ̀ lábẹ́ táyà, ó wò mí.

“Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń fa ọkọ̀ yìí ni, àbí òun ló ń lé yín?”

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ń gbọ̀n. Ojú àbúrò mi ni mo ń rí.

Jórinjórin ti wà nílẹ̀ tó ń wo ibi tó kán. Ó ní kí a yá jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀, òun yóò jó o pa pọ̀, a ó sì dé Àpòmù kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀nà kò jìn mọ́, ọ̀gá olùkọ́ sì ti ń retí. Ọkàn mi fà sí i, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ṣì dúró níwájú mi.

“Má jó o,” ni mo wí. “Irin kò ṣẹ̀. Èmi ni mo yọ àpò. Ẹni tó ń ra kòkó kò ra àpò lóòótọ́, ṣùgbọ́n alábàárù tó rù ú kò lè sọ àpò sílẹ̀.”

“Mo ti wí i, Bàbá.”

“O ti wí i.”

“Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni.”

A bá obìnrin náà kó láfún rẹ̀, a bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí a ti kẹ̀kẹ́ àti ẹrù rẹ̀ sí àgbàlá rẹ̀. Mo lọ sí Àpòmù fúnra mi láti jẹ́wọ́, nítorí mo mọ̀ pé ó rọrùn láti di ẹ̀bi ru kòtò. Ọ̀gá olùkọ́ gbọ́ mi dé òpin.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ ìṣirò,” ni ó wí. “Ìbéèrè lẹ kò kà tán. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Ó ti máa ń dúró dè mí rí. Èmi náà á dúró dè é.”

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Mo padà lọ yan ìkọ́ mìíràn, jórinjórin sì bá mi lọ. A ka kẹ̀kẹ́ mọ́ ọkọ̀, a ka ohun tó wà nínú ọkọ̀ mọ́ wọn, a tún wádìí ohun tí pikọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ lè fà. A rí i pé orí ìkọ́ bá ẹnu kẹ̀kẹ́ mu láìfi rọ́bà dí i. A dè é mọ́ ṣẹ́sì, egungun ọkọ̀ gan-an, a kò dè é mọ́ bọ́ḿpà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọkọ̀ olóògbé wọ Àpòmù, opó rẹ̀ sì fi ọwọ́ kan án lórí.

Láti ìgbà náà, ọkọ̀ kankan kò já mọ́ wa lọ́wọ́. N kò mọ iye ènìyàn tí ìyẹn dá sí. Ẹni tí aburú kò bá bá kì í mọ̀ pé ó ti ń bọ̀. Ó ń bá tirẹ̀ lọ sí oko tàbí ọjà, kò sì kí wa. Ìkíni tí wọn kò kí mi yẹn ni mo kà sí èrè. Nígbà tí ojú mi kò ríran dáadáa mọ́ láti wakọ̀, mo fi kẹ̀kẹ́, ìkọ́ àti kọ́kọ́rọ́ pikọ́ọ̀pù lé jórinjórin lọ́wọ́ nínú àgbàlá mi ní Ìkirè. Ó bi mí bóyá mo ní ìmọ̀ràn kan. Mo ní bí ẹnikẹ́ni tó kéré sí i bá bi í ní ìbéèrè, kí ó pa ẹ́ńjìnnì kí ó tó dáhùn. Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Ọ̀wàrà tó kọjá ni mo fi wọ́n lé e lọ́wọ́.