Ẹni Tó Fi Ewúrẹ́ Ra Àwo Ara Rẹ̀

Ohùn ọkọ mi tí mo gbọ́ kẹ́yìn, orí fóònù ni, láti ọsibítù ní Adó. Mo rò pé yóò béèrè àwọn ọmọ, tàbí kó ní kí n gbàdúrà fún òun. Ó ní, "Ìyá Ìbùkún, ṣé àwo yẹn ti dé?"

Mo ní ó ti dé.

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé abẹ́rẹ́ lé e kí n tó dé o."

Mo ní mo ti gbọ́.

"Ẹnikẹ́ni ni mo wí o. Ìwọ náà wà níbẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ló pa fóònù.

Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń béèrè ohun tó sọ kẹ́yìn. Pásítọ̀ wa tilẹ̀ ti ṣí Bíbélì dání, ó ń retí ọ̀rọ̀ ìwúre tí òun máa fi wàásù níbi ìsìnkú. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó pa Bíbélì rẹ̀ dé, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọrin."

Tíṣà Olúwọlé Àjàyí ni wọ́n ń pè é ní Ìjerò, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ pàápàá mọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Onílù Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Kọ̀nílíù Bééìdì, orin jáàsì ló ń lù, ó ti kú tipẹ́. Àwo orin kan ṣoṣo nínú àwo ọkùnrin yìí, ọkọ mi ní èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, tó ń pè ní àkọ́tẹ̀. Ó tún ní àtúntẹ̀ Jàpáánù, ó tún ní ti Jámánì. Orin kan náà, àwòrán kan náà lára páálí. Á gbé ọ̀kan sórí ẹ̀rọ, á gbé e kúrò, á gbé òmíràn sí i, á di ojú méjèèjì bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Nígbà ìkórè ọdún kan, ó ní òun yóò fi ti Jámánì ṣe ọrẹ, nítorí ìyẹn ni kò dára nínú wọn. Mo ní, "Èyí tí ẹ ò fẹ́ lẹ fẹ́ fún Ọlọ́run?" Ó ní Ọlọ́run kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi gbọ́ ọ.

Àṣé níbi tó ti ń fi wọ́n wéra, ó ti ki àkọ́tẹ̀ bọ inú páálí ti Jámánì. Lẹ́yìn ìsìn, Dàpọ̀ tó ń polówó ọjà ìkórè fa àwo náà yọ kí ìjọ lè rí i dáadáa. Ọkọ mi rí bébà pupa tó wà láàárín rẹ̀, èyí tí àkọ́tẹ̀ nìkan ní. Ó fò dìde.

"Dàpọ̀, dá a padà sínú páálí! Tèmi ni!"

"Ti Ọlọ́run ni báyìí, sà. Ẹ dá owó lé e."

Màmá Eunice, olórí ẹgbẹ́ obìnrin, ti fẹ́ràn àwòrán ara páálí náà. Ó ní ojú onílù yẹn jọ ti àbúrò òun tó kú sí Ìpótì. Bí Tíṣà bá ti fi kún owó, òun náà á fi kún un.

"Màmá Eunice, ṣé ẹ ní ẹ̀rọ tí ẹ máa fi gbọ́ ọ ni?"

"Ara ògiri ni mo fẹ́ gbé e kọ́."

"Ara ògiri! Àkọ́tẹ̀!"

"Tíṣà, ẹ jókòó. Ọlọ́run ń wò yín."

Nígbà tí owó tán lápò rẹ̀, ó pariwo pé òun fi ewúrẹ́ lé e, abo, tó lóyún. Dàpọ̀ lu tábìlì gbàmù. Tíṣà gbé àwo rẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mi ò pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo ni ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé páálí náà lọ fún Màmá Eunice, lófìfo. Ó ṣì wà lára ògiri rẹ̀ dòní.

Èmi ò kàwé púpọ̀, mo sì máa ń sọ fún un pé bákan náà ni gbogbo wọn létí mi. Kò gbà. Á ní kí n jókòó sórí àpótí, kí n kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ.

"Èwo nìyí?"

"Onílù ni."

"Mo mọ̀ pé onílù ni! Ti ìlú wo?"

"Ti ìlú wọn."

Á pòṣé, á tún gbé abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn.

Ohun tó ń wá kò pọ̀. Níparí orin kẹta, kí onílù náà tó lu idẹ ìlù rẹ̀ ní ìkẹyìn, ó máa ń mí, "họ̀ọ̀", bí ẹni tó sọ àpò kòkó kalẹ̀. Nínú àkọ́tẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ. Nínú ti Jàpáánù, àfi kí ẹ sún mọ́ ọn. Àwọn ará Jámánì ti nù ún kúrò kí orin lè mọ́. "Wọ́n fọ èémí ènìyàn dànù," ni ọkọ mi máa ń wí, "wọ́n ní àwọn ń tún orin ṣe." Ó lè torí ẹ̀ má jẹun.

Nítorí èémí yìí, kò fẹ́ ariwo kankan. Bí iná bá ti dé, á lọ bẹ Bíọ́lá tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé kó pa ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn oníbàárà á dúró ti ata wọn.

"Bíọ́lá, kí ló dé? Ṣé ẹnìkan kú ni?"

"Kò sẹ́ni tó kú o. Tíṣà ló fẹ́ gbọ́ ẹni tó ti kú."

Kó tó di pé àìsàn dé, ó gbọ́ pé wọ́n tún ti tẹ àwo náà jáde, wọ́n ní gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ látijọ́ làwọn dá padà. Victor, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àrámọ̀kọ̀ tí wọ́n jọ máa ń jiyàn lórí àwo, ní èémí náà á wà níbẹ̀. Ọkọ mi ní ohun tí wọ́n bá ti nù kúrò kì í padà. Wọ́n jà á títí wọn ò fi kíra wọn mọ́. Ó ránṣẹ́ rà á kó lè já Victor nírọ́. Ìgbà tí wọ́n ti gbé e lọ sí Adó ni àwo dé.

Lọ́jọ́ tí a gbé e wálé, Bíọ́lá pa ẹ̀rọ rẹ̀ láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, ó pa á títí a fi sin ín tán. Báyìí, ẹ̀rọ ata ń dún bó ṣe wù ú, mi ò sì fẹ́ kó dákẹ́. Bó bá dákẹ́ ni mo máa ń mọ̀ pé èmi nìkan ni mo wà nílé. Bí iná bá dé, mo máa ń lọ jókòó sórí àpótí, mo máa kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ àwo, mo máa retí ìbéèrè.

Victor wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwo tuntun náà.

"Ìyá Ìbùkún, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìparí orin kẹta nìkan."

"Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ kí òun tó dé."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé..."

"Mo mọ̀."

 Nígbà tó yá ó ní, "Ó dà bíi pé òun ló jàre. Èémí yẹn ò lè sí níbẹ̀." Irọ́ ló ń pa, ó kàn fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun borí ni. A rẹ́rìn-ín, a sì jọ nu ojú.

Lẹ́yìn tó lọ, mo gbé àkọ́tẹ̀ sórí ẹ̀rọ fúnra mi. Mo gbọ́ ọkùnrin náà tó mí. Mo ní, "Àkọ́tẹ̀ nìyí." Kò sẹ́ni tó sọ bóyá mo gbà á.

Tuntun náà wà lórí tábìlì, nínú ọ̀rá rẹ̀. A ò tíì gbọ́ ọ.